Macrogol fún ọmọdé tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le: ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ọjọ́ mẹ́ta

Oògùn tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí ni macrogol lẹ́búlẹ́bú, èyí tí wọ́n máa ń kọ polyethylene glycol 3350 sí lára. Òun ni àwọn dókítà ọmọdé sábà máa ń kọ́kọ́ yàn fún ọmọ tí àìrígbẹ́yà ti ń bá fínra tipẹ́, a sì gbà pé yíyàn náà tọ́. Síbẹ̀, àwọn òbí kan á lò ó, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ṣe lò ó ni kò pé.

Ohun tó ń da òbí láàmú jù ni pé ọmọ kò yàgbẹ́ gidi láti ọjọ́ mẹ́rin, síbẹ̀ ìgbẹ́ olómi ń jò sí i ní pátá lójoojúmọ́. Ìṣòro kan náà ni méjèèjì. Ìgbẹ́ líle ló dí ìparí ìfun ńlá; èyí tó ṣì rọ̀ lókè wá ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń jáde láìjẹ́ pé ọmọ mọ̀. Bí ìgbẹ́ bá ti pẹ́ níbẹ̀, ìfun á fẹ̀, kì í sì í tètè mọ̀ mọ́ pé òun ti kún. Nítorí náà, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tó bá sì rò pé ìgbẹ́ gbuuru ni, tó wá fún un ní oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró, ńṣe ló ń dí ọ̀nà náà sí i.

Iṣẹ́ macrogol kò díjú. Ara kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á rárá. Ó kàn ń di omi tí a fi pò ó mú ni, títí tí omi náà á fi dé inú ìgbẹ́, tí á sì rọ̀ ọ́. Ẹ má retí pé kó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Irú méjì ló wà. MiraLAX jẹ́ macrogol nìkan: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní adùn kankan, ó sì ń yọ́ tán pátápátá nínú omi tàbí omi èso bí ẹ bá rò ó dáadáa. Movicol ní àwọn èròjà oníyọ̀ nínú, ahọ́n ọmọ sì máa ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbé e sínú fíríìjì kó tutù, ó máa ń rọrùn láti mu. Ti ọmọdé wà nínú ọ̀rá kéékèèké, gíráàmù 6.9 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mílílítà omi 62.5 ni wọ́n sì fi ń po ọ̀rá kan. Ẹ má ka omi yìí mọ́ omi tó yẹ kí ọmọ mu lójúmọ́.

Ẹjọ́ tí a ní pẹ̀lú MiraLAX, èyí tó wà nínú ike, ni ìdérí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Gíráàmù 17 ni ìlà inú rẹ̀, ìwọ̀n àgbàlagbà nìyẹn. Kò sí bí èèyàn ṣe máa fojú díwọ̀n ìdá mẹ́ta rẹ̀ kó má ṣì í. Ọ̀nà tí a fara mọ́ rèé: ẹ da ìdérí kan tó dé ìlà sínú ife ìwọ̀n, ẹ bu omi sí i, ẹ rò ó kó yọ́, kí ẹ tó wá fi omi kún un dé mílílítà 170. Gbogbo mílílítà 10 ti di gíráàmù kan nìyẹn.

Ìwọ̀n wo ni kí ọmọ mu? Dókítà ni kó sọ ọ́, pàápàá nítorí pé ohun tó wà lára ike MiraLAX kò fún ọmọdé ní ìwọ̀n. Èyí tí àwọn oníṣègùn ìfun ọmọdé ń tẹ̀ lé ni gíráàmù 0.2 sí 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, lójúmọ́. Bí dókítà bá yan 0.4 fún ọmọ tó wọ̀n kílò 15, gíráàmù 6 nìyẹn, tàbí mílílítà 60 nínú ife wa.

Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá ti dí i, ìwọ̀n kékeré yìí kò lè ṣí i. Ẹ ó kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí ọ̀hún jáde ná: gíráàmù 1 sí 1.5 fún kílò kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà. Ìgbà tí kò sí iléèwé ló dáa jù láti ṣe é. Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́, torí jíjò náà máa ń pọ̀ sí i kó tó dínkù. Ẹ má dúró. Ìgbà tó bá ń jáde bí omi, tí kò sí kókó nínú rẹ̀ mọ́, ni ọ̀nà ti là.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá máa fún un ní ìwọ̀n ojoojúmọ́, tí ẹ ó máa fi kún un tàbí yọ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìgbẹ́ á fi máa rí bí irú kẹrin lórí àtẹ Bristol, ìyẹn àtẹ tí àwọn dókítà fi ń mọ irú tí ìgbẹ́ jẹ́: gígùn, dídán, tó sì rọ̀. Oṣù méjì ló kéré jù. Kí ọmọ tún ti wà láìní ìṣòro fún oṣù kan gbáko kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ni pé ọmọ tí ìgbẹ́ ti dùn rí á máa há a mọ́ra. Á dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, á fún itan pọ̀, ojú á pọ́n. Òbí á rò pé ó ń gbìyànjú láti yà á, bẹ́ẹ̀ ó ń dá a dúró ni. Ẹ̀rù yẹn máa ń pẹ́ lára ọmọ ju ìgbẹ́ líle fúnra rẹ̀ lọ.

Lactulose, oògùn míì tó ń rọ ìgbẹ́, la máa yàn bí macrogol kò bá sí. Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ inú máa ń wú, ìsó á sì pọ̀.

Ẹ ra àpótí ìtìsẹ̀ mọ́ macrogol. A kò rí ìdí tí wọ́n fi ń ta oògùn yìí láìmẹ́nu bà á. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro lórí àga ìgbọ̀nsẹ̀ kò rí ibi tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi yà á. Kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí àpótí ní rọ́bà nísàlẹ̀ kó má baà yọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, lẹ́yìn oúnjẹ, torí oúnjẹ ló ń jí ìfun. Ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ fèrè tàbí ìfófòó ọṣẹ. Ikùn á máa tì í láìmọ̀. Kí ẹ sì yìn ín pé ó jókòó, kódà bí nǹkan kan kò bá jáde.

Ẹ má po macrogol mọ́ èròjà oní-sítáàṣì tí wọ́n fi ń mú ohun mímu ki fún ọmọ tí kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa. Macrogol á mú kí ohun mímu náà tún ṣàn, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí àìrígbẹ́yà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́ tí a bí ọmọ, bí ìgbẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ bá pẹ́ ju wákàtí 48 lọ, bí ó bá ń bì àwọ̀ ewé, bí inú rẹ̀ bá wú gbandi, bí kò bá dàgbà bó ṣe yẹ tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.