Ìbọn tẹmọ́mítà fún pátákò ẹṣin: ó wúlò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kó kọ́kọ́ débẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìbọn tẹmọ́mítà, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru láìfara kan nǹkan, láti fi wo pátákò ẹṣin, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń nà sí iwájú orí wa nígbà kòrónà. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Láti nǹkan bíi dígírì 32 dé 42.9 ló mọ̀ ọ́n kà, bẹ́ẹ̀ pátákò ẹṣin tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ní àárọ̀ ọyẹ́, lè má tó 25. “Lo” ni yóò máa kọ síwájú yín. Bó bá tiẹ̀ kà á, kì í ṣe ooru ojú pátákò ló ń sọ. Ooru inú ara ènìyàn ló ń ṣírò.

Èyí tó yẹ kí ẹ bèèrè ni ti àwọn tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ẹ wá 12:1 lára rẹ̀ tàbí lára páálí rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá dúró ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí pátákò, àyè tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ ló ń wò. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn dé mítà kan, àyè náà ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 8, á wá da pátákò pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Iná pupa tíntín tó ń tàn kàn ń júwe ọ̀nà ni, òun kọ́ ló ń wọn ooru. Ẹ má jẹ́ kó wọ ẹṣin lójú.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo la lè fọkàn tán ìbọn yìí fún: kó fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì. Nọ́ńbà kan lásán kò sọ nǹkan kan. Pátákò tó ka 33 lè jẹ́ ti ẹṣin tí ara ń ni, ó sì lè jẹ́ ti ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú oòrùn wọlé. Nítorí náà, ẹ mú un wá síbi ìbòòji, kó dúró tó wákàtí kan lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gùn ún. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹrẹ̀ kúrò, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi tó ń gbẹ lára pátákò á mú un tutù, á sì pa irọ́ fún yín. Pátákò dúdú máa ń gba oòrùn ju funfun lọ; ẹṣin tó ní ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun lè já yín láyà lásán. Ẹ na ìbọn sí àárín iwájú pátákò, ìka méjì sí ìsàlẹ̀ ibi tí irun ti pàdé rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹsẹ̀ iwájú pẹ̀lú iwájú, ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹ̀yìn.

Ìyàtọ̀ dígírì kan kì í já àwa láyà, torí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn déédéé sí pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ọjọ́. Bó bá tó méjì, tí kò yí padà lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ mú un ní òótọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìbọn kò lè ṣe ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pátákò, torí ó mọ ooru ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ lọ, níbi egungun tó yọ gọngọ. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ ti pa á mọ́lẹ̀. Lára ẹṣin tó ń gbádùn, ẹ ó wá iṣan yìí títí, bóyá ẹ ó sì rí i fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá ń lu ìka yín kì, kì, kì láìjẹ́ pé ẹ wá a, wàhálà ti wà nínú pátákò, ohun yòówù kí ìbọn kọ.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbóná tí iṣan rẹ̀ sì ń lù, ó sábà máa ń jẹ́ pé òkúta ló gún un tàbí ọyún ló ń kóra jọ nínú. Ẹ fi irin họ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ síwájú, ẹ yẹra fún ẹran onígun mẹ́ta àárín, kí ẹ wá ìṣó tàbí ojú ihò dúdú. Bí ẹ bá rí ìṣó, ẹ má fà á yọ kí dókítà ẹranko tó rí ibi tó gbà wọlé, àfi tí yóò bá tún wọlé sí i bí ẹṣin bá tẹ ẹsẹ̀. Omi dúdú tó ń rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran yẹn, jíjẹrà ni, ilẹ̀ ilé ẹṣin tí kì í gbẹ ló sì ń fà á.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, tí ẹṣin fi ìdí tì sẹ́yìn, tó kọ̀ láti yí padà, pàápàá bó bá ti já wọ inú àpò àgbàdo tàbí ọkà bàbà lóru, ẹ má dúró de àárọ̀. Awọ tó so egungun mọ́ pátákò ló ń wú. Ẹ kó ọkà kúrò níwájú rẹ̀, ẹ má rìn ín, ẹ tẹ́ iyanrìn jíjìn fún un, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi yìnyín títí dókítà yóò fi dé. Láti Ọ̀yọ́, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà. Ìbọn lè má fi nǹkan kan hàn níbí, torí bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá gbóná bákan náà, kò sí ìyàtọ̀ tí yóò kà. Ibi tó ti kùnà jù lójú tiwa nìyẹn.

Bí kò bá sí ooru níbì kankan tí ẹṣin sì ń tiro, ẹ fi okùn tó rọ̀ fà á sáré jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ líle tó tẹ́. Bí ẹsẹ̀ iwájú tó ń dùn ún bá kan ilẹ̀, á gbé orí sókè. Bí èyí tó sàn bá kàn án, orí á wálẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, ìbàdí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló máa ń fò sókè.

Ní ti ìbọn fúnra rẹ̀, eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú rẹ̀. Òwú gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Bó bá ti yàrá tútù jáde, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 20. Bó bá ń ka 90 lójijì, ẹnìkan ti tẹ bọ́tìnnì tó sọ Celsius di Fahrenheit.

Ìlú bí Ọ̀yọ́, tó ní oyè Ọlọ́kùn-ẹṣin, olóyè tó ń mójú tó ẹṣin ọba, kò gbọdọ̀ máa di gàárì mọ́ ẹṣin lẹ́yìn láìwo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ rà á, kí ẹ sì fi ẹfun kọ nọ́ńbà mẹ́rin sára ògiri ilé ẹṣin láràárọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kà á, kí dókítà lè rí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ sí èkejì.