Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé ìdí ajá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn: ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kánjú lè máa bá tiẹ̀ lọ: bẹ́líìtì yìí dáa, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ajá ló bá lára mu, tí ajá yín bá wá jẹ́ akọ, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi lò ó, ìgbà mẹ́rin márùn-ún lójúmọ́, torí náà kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú páálí ló ń bá yín sọ̀rọ̀ o.

Dúdú ajá mi, dachshund ni, àwọn ajá gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú yẹn, ọmọ ọdún márùn-ún, kílò mẹ́sàn-án. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló fò sílẹ̀ látorí àga, ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà tílẹ̀ fi máa mọ́ ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tuurutu nílẹ̀. Ohun kan wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí ìkejì tó yẹ kó máa rọ̀ bíi tìmùtìmù, àmọ́ ní ti irú àwọn ajá yìí, láti kékeré ló ti máa ń gbẹ tó máa ń le, ọjọ́ tó bá wá bẹ́, ohun inú ẹ̀ á tú jáde á lọ tẹ okùn iṣan ńlá tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni, ohun tó wà lára wọn tó ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ wọn kúrú náà ló ń ba tìmùtìmù ẹ̀yìn wọn jẹ́, French bulldog àti Pekingese náà wà nínú ẹ̀. Torí náà kì í ṣe fífò yẹn nìkan ló fà á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì dárí ji àga yẹn. Wọ́n ya MRI, àwòrán tó ń fi inú ara hàn, wọ́n rí i pé ibi tí ẹ̀yìn àyà ti pàdé ìbàdí ló wà, ibẹ̀ náà ló sì ti wọ́pọ̀ jù, wọ́n là á, wọ́n gé lára eegun, wọ́n kó ìdọ̀tí yẹn kúrò. Orí bá mi ṣe é, ó ṣì ń mọ ìrora tí wọ́n bá fún ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe dáadáa kó tún rìn, torí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ rárá, bí ìdajì wọn tàbí kó lé díẹ̀ ló ń padà rìn.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ní kí n máa mú u lọ sílé. Ojú ọgbẹ́ rèé, òògùn rèé, ìwé tó kún fún "ẹ má ṣe" rèé, ajá tí ò lè dúró rèé. Òru ọjọ́ yẹn ni mo bọ́ sórí fóònù tí mo ra bẹ́líìtì.

Bó ṣe rí nìyí: aṣọ tó nípọn ni, wọ́n tẹ́ fóòmù sínú ẹ̀, ó máa gba abẹ́ ikùn kọjá, ihò méjì wà níbẹ̀ fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ ó wá fi aṣọ tó máa ń lẹ̀ mọ́ra yẹn dè é, èyí tó máa ń dún fàà téèyàn bá ń ṣí i, ọwọ́ ìdìmú kan sì wà lókè. Rírán ẹ̀ lágbára, ọ̀sẹ̀ méje yẹn òwú kan ò já. Fóòmù ẹ̀ ò sì sún kì bí mo ṣe rò. Ibi tí mo ti yìn ín nìyẹn.

Ohun tí ò sí nínú ìwé ìlò ẹ̀, tó sì yẹ kó wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ni pé wọn ò ṣe é fún gbígbé ajá. Ẹ má gbé e bíi báàgì ọjà. Wọ́n ṣe é láti gba díẹ̀ lára ìwúwo ìdí ẹ̀ ni, àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kan ilẹ̀, kí iṣan lè máa rántí pé òun lẹ́sẹ̀. Èmi o, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń fa ìdí Dúdú sókè ju èjìká ẹ̀ lọ, mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́, àfi ìgbà tí obìnrin tó ń ṣe físíò fún un, ìyẹn ẹni tó ń bá a fi eré ìdárayá tọ́jú ẹsẹ̀, rí wa tó ní "ẹ̀yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lẹ̀ ń tẹ̀ kọdọrọ yẹn o." Ẹ̀yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú bíi tábìlì. Iwájú náà, ẹ má fi okùn sọ́rùn ẹ̀, èyí tó máa ń gba àyà ni kẹ́ ẹ lò, kọ́wọ́ yín kan máa darí iwájú, kí ìkejì gbé ìdí.

Ó wá kan àbùkù ẹ̀. Àkọ́kọ́, ọwọ́ ìdìmú ẹ̀ kúrú. Fún ajá gíga ó lè dáa, àmọ́ èmi tí ajá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn gbálẹ̀ kódà nígbà tára ẹ̀ le, ńṣe ni mò ń lóṣòó tẹ̀ lé e kiri bí ẹni ń wá owó tó sọnù, ìgbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì èmi náà ti ń wá ẹni máa tọ́jú ẹ̀yìn mi. Mo fi okùn báàgì àtijọ́ kan so mọ́ ọn kó lè gùn, ó sì ṣiṣẹ́. Ìkejì, kílò ni wọ́n fi pín sáìsì ẹ̀, kílò ò sì mọ̀ pé ajá kan gùn bí ìbọn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ há a nítan. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, ọjọ́ karùn-ún ló tó dá mi lóhùn, ó pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ èmi ni mo san owó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ márùn-ún lójú ẹni tí ajá ẹ̀ ò lè dá dìde tọ̀ kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún kẹ̀.

Ìkẹta ló burú jù, ọ̀rọ̀ àwọn akọ ajá. Aṣọ abẹ́ ikùn yẹn lọ jìnnà síwájú débi pé ó bo nǹkan ọkùnrin ẹ̀ pátá, tó bá ti tọ̀, inú fóòmù ló ń lọ, fóòmù á fà á mu, ara ajá á máa wà nínú ìtọ̀. Ìtọ̀ máa ń bó awọ ara o, kò gba àkókò púpọ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣọ̀lẹ, mi ò bọ́ bẹ́líìtì lára ẹ̀ látọ̀sán dalẹ́, ìgbà tí mo ṣí i itan ẹ̀ ti pọ́n wẹ̀wẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni ìyẹn, bẹ́ ẹ bá ti wọlé ẹ bọ́ ọ. Mo padà fi sísọ́ọ̀sì gé iwájú ẹ̀ ní ìrísí òṣùpá, ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ ṣé èmi ló yẹ kí n gé e? Tẹ́ ẹ bá sì fọ̀ ọ́, ilẹ̀ á ṣú ilẹ̀ á mọ́ kó tó gbẹ, ẹyọ kan ò lè tó yín.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tówẹ́ẹ̀lì. Kí bẹ́líìtì tó dé, nọ́ọ̀sì ti fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ká tówẹ́ẹ̀lì gígùn gba abẹ́ ikùn, iwájú itan gan-an, téèyàn á di etí méjèèjì mú lókè. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ṣeé fọ̀, kò ní fóòmù, kò sí lára ọgbẹ́. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tówẹ́ẹ̀lì sàn ju bẹ́líìtì lọ, mo sọ ọ́ mo tún un sọ. Ibi tí bẹ́líìtì ti wá gba ipò ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀ fúnra ẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì á máa yọ̀ síwájú yọ̀ sẹ́yìn, bẹ́líìtì ò ní yọ̀ ní tiẹ̀, ọwọ́ kan péré lẹ sì máa fi mú un.

Ohun míì tí bẹ́líìtì àti tówẹ́ẹ̀lì jọ ń ṣe, tó sì tàn mí jẹ: àwọn méjèèjì ń tẹ àpòòtọ̀. Mo gbé Dúdú sókè, ìtọ̀ dà ṣọ̀ọ̀, mo pariwo ayọ̀. Ilẹ̀ tún tutù lábẹ́ ẹ̀ lóru, mo ní áà, ó ti ń tọ̀ fúnra ẹ̀. Irọ́ o! Nígbà tí mo gbé e padà lọ, dókítà fọwọ́ kan ikùn ẹ̀, ó ní àpòòtọ̀ yìí ti kún dẹ́nu, àkúnwọ́sílẹ̀ ẹ̀ lẹ̀ ń rí yẹn, bíi garawa tẹ́nì kan ò pa ẹ̀rọ omi lórí ẹ̀. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran àpòòtọ̀ á fẹ̀ jù á sì dẹ̀, àìsàn á wọ inú ìtọ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́sibítù, kẹ́ ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ ẹ́ lójú wọn, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa wò wọ́n. Ọwọ́ méjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, nítòsí itan, ẹ ó wá a kàn, ó máa ń dà bíi bálúùnù kékeré tó kún fómi, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìtú ọwọ́ sílẹ̀, ẹ ò ní fún un lójijì. Ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, kí wákàtí mẹ́jọ má kọjá. Tí ìtọ̀ yẹn bá ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀, tó bá dúdú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Òògùn tó ń tú ẹnu àpòòtọ̀ wà, wọ́n fún Dúdú, ọjọ́ kejì ẹ̀ ni títẹ̀ ẹ́ tó dẹrùn. Kò sí bẹ́líìtì kankan tó máa bá yín ṣèyẹn, bó ti wù kí àwòrán ajá orí páálí ẹ̀ máa rẹ́rìn-ín tó.

Nínú gbogbo ohun tí mo kó jọ lásìkò yẹn, èyí tí mo kórìíra jù ló ṣiṣẹ́ jù, kéèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n wà níbẹ̀, tiwa jẹ́ mẹ́fà, ká jáde lọ tọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ká padà. Kó ga tó fún un láti dúró, kó fẹ̀ tó fún un láti yí po kó sì nà gbọọrọ, kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ débi tó máa rí àyè sáré. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rọrùn torí gabapentin, òògùn ìrora tí wọ́n fún un, ń mú un sùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wàhálà dé, ara ti dẹ̀ ẹ́, ó rò pé òun ti yá, ó ń gbó, ó ń walẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó jí i gbé, àwọn aládùúgbò sì ń wò mí bákan náà. Ẹ má ṣí i. Ẹ tẹ́ fóòmù tó nípọn, ẹ tẹ́ páàdì tó ń fa omi lé e lórí, tí kò bá tíì lè yí ara ẹ̀ padà kẹ́ ẹ máa yí i ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin sí mẹ́fà, kí egbò má bàa yọ sí i níbàdí. Ìràwọ̀ márùn-ún fún kéèjì, kí n tó yí ọkàn padà.

Yòókù, kíákíá. Rọ́ọ̀gì tí ò ń yọ̀: ẹ rà á ṣáájú bẹ́líìtì, ilẹ̀ táìlì lọ̀tá ajá tó ń kọ́ ìrìn. Ìdérí ọrùn tó rí bí àrọ, tí kì í jẹ́ kó lá ọgbẹ́: ó ń gbá gbogbo nǹkan dànù, àmọ́ kò kúrò lọ́rùn títí wọ́n fi yọ irin tí wọ́n fi di ojú ọgbẹ́, bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Bàtà ajá: tó bá ń wọ́ ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀ nílẹ̀ níta nìkan, nínú ilé kò wúlò. Kẹ̀kẹ́ ajá, èyí tó máa ń gbé ìdí ajá tí ò lè fẹsẹ̀ rìn: gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n rà á láti ọjọ́ kejì, dókítà ní rárá, kò tíì tó àsìkò, a ò sì rà á títí dòní. Òògùn: ẹ má fún un ní òògùn ìrora tẹ̀yin ń lò, ẹ má jẹ́ kí stẹ́rọ́ídì àti òògùn ara wíwú míì pàdé nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀, gabapentin olómi tí wọ́n ṣe fún èèyàn náà, ẹ ka ara ìgò ẹ̀, xylitol, ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, lè wà níbẹ̀, májèlé sì ni fún ajá.

Ìrù ló kọ́kọ́ jí. Lópin ọ̀sẹ̀ kejì ni, mò ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ ti ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ̀ bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́, ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ìrù yẹn kàn yí fìrì, mo rò pé ojú mi ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta ó dúró fún bí ẹni ń mí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ń rìn bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé, ìdí lọ sọ́tùn-ún, orí lọ sósì, ibẹ̀ gan-an ni bẹ́líìtì yìí ti jẹ owó ẹ̀ tán, torí pé ó kàn ń mú un kó má ṣubú ni, kò gbé e mọ́.

Nítorí náà, ìràwọ̀ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ abo ni tiyín, tó ga díẹ̀, ẹ kà á sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ akọ kúkurú, ẹ wọn itan ẹ̀ àti gígùn ikùn ẹ̀ fúnra yín, ẹ ra méjì, kẹ́ ẹ sì ní sísọ́ọ̀sì nílé. Tiwa ṣì wà lára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo mú u sílẹ̀ lánàá láti yà á ní fọ́tò fún ọ̀rọ̀ yìí, mo ṣí i, ó dún fàà, Dúdú gbọ́, ó dìde ní tiẹ̀, ó bọ́ sábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fi rìn débẹ̀.