Sikéèlì ilé ìdáná tí mo fi ń ṣọ́ ìlera bearded dragon mi ní Ìkòròdú

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, torí àwa tá a ń sin bearded dragon, irú alángbá ilẹ̀ òkèèrè kan, ní Ìkòròdú níbí, tí wọ́n bá ń ka ohun tó yẹ ká rà fún wa, iná ni, kéèjì ni, páúdà kálísíọ́ọ̀mù ni, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ sikéèlì. Bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹrù tí mo rà fún Jagun, bearded dragon tèmi, sikéèlì pẹlẹbẹ funfun tí mo rà ní Sábó yìí, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà, òun ló kọ́kọ́ ta mí lólobó pé ara ẹran mi ò yá.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀. Aginjù àárín ilẹ̀ Ọsirélíà ni irú ẹran yìí ti wá, ẹbí kan náà lòun àti alángbá tó ń mi orí lórí fẹ́ǹsì wa. Nínú igbó, èyí tó bá ṣe bí aláìsàn, kíá ni àṣá á ti gbé e, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi àìsàn pamọ́ títí agbára wọn á fi pin. Tẹ́ ẹ bá fi máa rí i pé ojú ẹ̀ ti jìn wọnú, pé orí ẹ̀ ti tẹ̀ wọlé níbi tí ọ̀rá máa ń wà lẹ́yìn ojú, tí ìdí ìrù ẹ̀ ti gbẹ, àìsàn ọ̀hún ti pẹ́ lára ẹ̀. Ìwọ̀n ara ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Sikéèlì yìí lè gbé tó kílò mẹ́wàá, ó sì ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣe pàtàkì gan-an, torí èyí tó ti dàgbà nínú wọn sábà máa ń wà láàárín 300 sí 500 gíráàmù, sikéèlì ọlọ́wọ́ tí àwọn ẹlẹ́ran ń lò ò lè rí ogún gíráàmù tó bá yọ lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ gbé abọ́ sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo, kẹ́ ẹ wá da omi ìgò 50cl sínú ẹ̀, ó yẹ kó sún mọ́ 500. Tèmi sún mọ́ ọn dáadáa.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Àárọ̀ ni, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n tó fún un lóńjẹ, kí iná tó mú un gbóná, torí tí ara ẹ̀ bá ṣì tutù kì í lè sáré púpọ̀. Mo ní abọ́ rọ́bà aláwọ̀ búlúù kan tó jìn díẹ̀, màá gbé e lé sikéèlì, màá dá a sí òdo, màá wá rọra gbé Jagun sínú ẹ̀. Èékánná ẹ̀ á máa ha ìdí abọ́ náà kàràkàrà, nọ́ńbà á máa fò sókè fò sódò, 398, 420, 405, àfi kí n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lójú fẹ́ẹ́rẹ́, á dúró jẹ́ẹ́, nọ́ńbà náà á dúró, màá kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

412 ló máa ń wà, kó lé díẹ̀, kó dín díẹ̀, tó bá ṣu á dín, ìyẹn kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láìpadà wá, ó di 400, ó di 388, nígbà tó fi máa di 371 mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé o. Ẹ wò ó, ó ṣì ń jẹ ìrẹ̀, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀, irùngbọ̀n ẹ̀ ò dúdú bó ṣe máa ń rí tí ara ò bá rọ̀ wọ́n, tí kì í bá ṣe ìwé tí mo ń kọ yẹn ǹ bá máa bá iṣẹ́ mi lọ ni. Tó bá ti dín tó ìdá kan nínú mẹ́wàá báyìí láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ kó fọn, dókítà ẹran ló kàn. Mo kó ìgbẹ́ ẹ̀ tútù sínú ike kékeré kan, mo gbé òun àti ẹran lọ, dókítà fi maikirosíkóòpù wò ó, coccidia ló bá níbẹ̀, kòkòrò inú tí ojú lásán ò lè rí. Ó fún un lóògùn, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n máa fọ kéèjì, kí n máa kó ìgbẹ́ kúrò kíákíá, torí ó tún lè gbé e mì padà látinú ìgbẹ́ ara ẹ̀. Ara Jagun ti padà wá, díẹ̀díẹ̀ ni ìwọ̀n ẹ̀ ń gòkè padà, mo sì dúpẹ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àìsàn ni sikéèlì máa rí o. Àbúrò kan tó ń sin bearded dragon tiẹ̀ ní Ìgbógbó pè mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá mi wò ó, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n," ìwọ̀n tiẹ̀ ò sì dín rárá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti ń rọ̀ bíi rọ́bà. Àìsàn egungun nìyẹn, kálísíọ́ọ̀mù ò tó lára. Iná UVB ẹ̀, èyí tó ń ṣe bí oòrùn kí ara ẹran lè lo kálísíọ́ọ̀mù, ń tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gíláàsì ló gbé e sí, gíláàsì kì í sì í jẹ́ kí UVB kọjá, ewé tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ló sì ń fún un jẹ lójoojúmọ́, àwọn ewé yẹn máa ń di kálísíọ́ọ̀mù mú kó má wọ ara. Torí náà ẹ ṣì máa fojú wò ó, ẹ máa fọwọ́ kàn án. Tó bá ya ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ iná gbígbóná, ooru ló ń tú jáde, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá ń ya á níbi tó tutù, tí imú ẹ̀ ń hó, àyà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sáré tọ́jú.

Nọ́ńbà tó ń lọ sókè náà kì í fìgbà gbogbo dáa, abo lè gbé ẹyin láìrí akọ rí. Lásìkò ọyẹ́, àwọn kan máa ń sùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan láìjẹun, tó bá jẹ́ oorun lásán ìwọ̀n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dín, ibẹ̀ ni sikéèlì tún ti wúlò fún mi jù.

Ohun tí mi ò fẹ́ lára sikéèlì yìí ni pé ó máa ń tètè kú fúnra ẹ̀, nígbà míì ẹran ò tíì dúró jẹ́ẹ́ tí sikéèlì á ti kú, àfi kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tó bá a wá ò lágbára rárá, tí bátìrì bá sì ti ń kú lọ nọ́ńbà á máa fò kiri, ẹ ra tuntun kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Torí ìyẹn ni mo ṣe fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ má ra kékeré tí wọ́n fi ń wọn wúrà tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, èyí tí kì í gbé ju 200 gíráàmù lọ, ọmọ wẹ́wẹ́ nìkan ló lè wọ̀n, kò sì ní pẹ́ tí ẹran yín máa fi jù ú lọ. Ẹ máa kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé, ẹ má fi sórí nìkan, tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ mú ìwé náà dání, òun ni tèmi kọ́kọ́ béèrè kó tó fọwọ́ kan Jagun.