Páálí ọṣẹ Àjíǹde tí mo rà ní Lagere: mọ́ọ̀dù ẹ̀ dáa gan-an, lọ́fínńdà ẹ̀ ò tó nǹkan

Àwọn èèyàn ti ń bi mí níbo ni mo ti ra ọṣẹ tí mo pín fáwọn ọmọ sọ́ńdè-sukúù nígbà tá a lọ Gálílì. Mi ò rà á o, kíṣìnì mi ni mo ti ṣe é. Páálí kan báyìí ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lagere, ₦12,000, ọṣẹ funfun kílò kan ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú mọ́ọ̀dù rọ́bà oníhò mẹ́fà, ẹyin méjì, ehoro méjì, òdòdó méjì, àwọ̀ mẹ́ta àti ìgò lọ́fínńdà kékeré kan. Ehoro yẹn, ti òyìnbó ni, àwa ò mọ ehoro mọ́ Àjíǹde n'Ífẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ ò bèèrè.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò le rárá. Wọ́n ti fi kọ́stíìkì sódà ṣe ọṣẹ náà tán kó tó dé ọwọ́ yín, tiyín ò ju kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ gbé abọ́ ẹ̀ lé orí ìkòkò omi gbígbóná, kó yọ́, kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí mọ́ọ̀dù. Màmá mi wá láti Modákékè, wọ́n jókòó tì mí, bí wọ́n ṣe rí i tí mo ń yọ ehoro jáde wọ́n ní, "O ò da eérú, o ò da àdín, ọṣẹ ti jinná? Ọṣẹ wo nìyẹn?" Nígbà tiwọn èèpo kòkó ni wọ́n ń sun fi ṣe eérú ọṣẹ dúdú, ẹ ò lè bá wọn jiyàn.

Ẹ má jẹ́ kó hó ṣá, tèmi àkọ́kọ́ hó, ìfófòó bo ojú ẹ̀. Ẹ pa gáàsì ná, kẹ́ ẹ wá fọ́n spírítì díẹ̀ sójú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ tán, ó máa pòórá.

Mọ́ọ̀dù yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Etí ehoro tín-ín-rín, mo rò pé ó máa kán, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rọra ṣí rọ́bà yẹn bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, ó ń jáde gédégbé ni, kódà ìlà irun tí wọ́n fín sẹ́yìn ẹ̀ hàn kedere.

Lọ́fínńdà ló bí mi nínú. Mílílítà 10 péré! Ọṣẹ kílò kan ń fẹ́ bí i 20 sí 30, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́rin sí mẹ́fà, tẹ́ ẹ bá wá dà á sí i nígbà tó ṣì ń gbóná janjan, òórùn ẹ̀ á bá ooru lọ.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé ẹnì kankan ò sọ fún mi pé ọṣẹ yìí máa ń làágùn. Mo tò ó sórí tírè, mo sùn, òjò rọ̀ lóru, ilẹ̀ mọ́, omi wà lára gbogbo ẹyin mi bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú fíríìjì. Gílísárínì inú ẹ̀ ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́, òjò oṣù kẹrin tiwa náà ò sì ṣeré. Mo padà lọ bá ọmọ tó ń tajà, ó ní "Àǹtí, ẹ kó o sí fíríìjì." Fíríìjì kẹ̀! Tẹ́ ẹ bá kó o jáde níbẹ̀ ló tún máa làágùn jù. Bó bá ṣe ń tutù ni kẹ́ ẹ ti fi nylon wé e pinpin.

Òdòdó tútù tí mo já nídìí fẹ́ǹsì tí mo tẹ̀ mọ́ méjì lára, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti pọ́n bí ewé tíì, ìyẹn ọwọ́ ara mi ni, mi ò lè dá wọn lẹ́bi.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Tí wọ́n bá ń ta mọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ màá ra méjì sí i, lọ́fínńdà ẹ ra tiyín, kẹ́ ẹ bèèrè èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, kì í ṣe ti aṣọ o. Méjìlá ni mo rí ṣe jáde, màmá mi mú ehoro kan lọ. Wọ́n láwọn ò lè fi ehoro wẹ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà báyìí, tòun ti nylon ẹ̀.