Ta ló jí ní aago méjì òru? Ìfiwéra ilé ìtọ́jú àgbàlagbà méjì àti olùtọ́jú inú ilé ní Àbújá

Ìyá mi ṣubú lóṣù kẹta, nínú yàrá wọn ní Kubwa, olùtọ́jú tá a gbà sì wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún ọmọbìnrin náà pé, "Mo fẹ́ yà sẹ́yìn." Ọmọ Benue ni, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó sì ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yìn" tó gbọ́, ẹ̀yìnkùlé ló kà á sí. Ó ní oòrùn ti mú jù níta, kí Màmá jókòó. Wọ́n tún un sọ, ó tún dá wọn jókòó. Ìtìjú kò jẹ́ kí ìyá mi là á mọ́lẹ̀ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n àwọn. Wọ́n bá dìde fúnra wọn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì tí rọpárọsẹ̀ ti sọ di ẹrù láti ọdún 2019. Ìbàdí ni wọ́n fi balẹ̀.

Eegun kò ṣẹ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn. Àwọn àǹtí wa ní Ìlá ju òwe lù mí lórí fóònù: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Òwe náà kò kàn sọ ohun tí ọmọ òkété máa ṣe tó bá ń kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀ lọ sí Central Area, tí kì í padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ní tiwọn ní kí n kọ́kọ́ wo máàkì tí ìjọba fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín pa mí. Ní England, àjọ CQC máa ń wọ ilé arúgbó, wọ́n á yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ wò, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí síta, wọ́n á sì fi ilé náà sí ọ̀kan nínú ipò mẹ́rin. Amẹ́ríkà ń fún tiwọn ní ìràwọ̀, láti 1 dé 5, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń wá ilé arúgbó ní Àbújá kò ní rí irú ìyẹn kà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe olùyẹ̀wò.

Ohun mẹ́ta ni mo fi wéra, mi ò sì ní dárúkọ ìkankan. Ilé Kìíní wà ní Gwarinpa: táìlì tó ń dán bíi dígí, tẹlifíṣọ̀n ńlá, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Ilé Kejì wà lọ́nà Kubwa: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀lẹ̀ kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ̀kẹta ni ilé-iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú wá bá yín nílé. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni mo wò, Ilé Kìíní ni ǹ bá sanwó fún.

Ìwé

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ́kọ́ na ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, sí mi. Ó dára, ẹ sì lè wá orúkọ wọn lórí ìkànnì CAC lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ kan ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹni tó ń ta bàtà ní Wuse náà lè ní irú rẹ̀. Tí wọ́n bá máa fún òbí yín ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n máa fa omi sí i lára, tàbí tí wọ́n máa fi rọ́bà gba imú bọ́ ọ, iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ní FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú níbí, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní PHERMC ló ń forúkọ ilé ìwòsàn aládàáni sílẹ̀, tó sì ń ṣọ́ wọn. Ilé Kìíní ní àwọn ti kó ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó jáde. Ilé Kejì fi tiwọn kọ́ ara ògiri, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Àwọn tó ń rán olùtọ́jú wá sílé ní àwọn kì í fọwọ́ kan ìtọ́jú oníṣègùn rárá: ìwẹ̀, oúnjẹ, ìrìn, ó tán. Mo fẹ́ràn ẹni tó mọ ibi tí iṣẹ́ òun parí sí.

Ẹ wá béèrè àwọn nọ́ọ̀sì. Nílùú yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ funfun la ń pè ní nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gidi ní láísẹ́ǹsì NMCN, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà; ọdún 3-3 ni wọ́n ń tún un gbà, ọjọ́ tó máa parí sì wà lójú rẹ̀. Auxiliary tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan kì í ṣe nọ́ọ̀sì lójú NMCN. Kò burú kí auxiliary wẹ ìyá yín, kó sì bá wọn gẹ irun. Ó burú kó jẹ́ òun ló ń pinnu iye ínsúlíìnì, oògùn àtọ̀gbẹ. Ilé Kìíní sọ pé àwọn ní nọ́ọ̀sì mẹ́rin. Láísẹ́ǹsì ẹyọ kan ni mo rí, ó sì ti parí láti ọdún tó ṣáájú. Ilé Kejì ní méjì péré, mo rí méjèèjì.

Ìbéèrè kan wà tí mo bi gbogbo wọn tí kò sí nínú ìwé kankan: "Tí òṣìṣẹ́ yín bá lu arúgbó, kí lẹ máa ṣe?" Ọ̀gá Ilé Kìíní ní irú ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn láéláé. Ìdáhùn tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Àwọn olùtọ́jú inú ilé ní àwọn máa lé e dànù, àwọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò. Màmá tó ni Ilé Kejì ronú díẹ̀, wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ rí, pé ẹbí àgbàlagbà náà làwọn kọ́kọ́ pè, kí àwọn tó lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tó ń dènà ìwà ipá sí ènìyàn, de FCT, àjọ ìjọba NAPTIP ló sì ń bójú tó o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọkọ nìkan. Ọ́fíìsì NSCC, àjọ tí òfin ọdún 2017 dá sílẹ̀ nítorí àwọn àgbàlagbà, náà wà ní Àbújá níbí. Ẹ lọ bá wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Aago méjì òru

Ọ̀sán ni gbogbo wọn máa fẹ́ kẹ́ ẹ wá. Lọ́sàn-án, òṣìṣẹ́ pọ̀, ilé ti di gbígbá, wọ́n ti fi lọ́fínńdà para. Òru ni arúgbó ń dìde wá ibi ìtọ̀. Òru ni ṣúgà ń já wálẹ̀ lára ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí kò jẹ oúnjẹ alẹ́ tán. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ìṣubú ló ṣìkejì nínú jàǹbá tó ń pa ènìyàn jù láyé, àwọn tó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún ló sì ń pa jù nínú wọn. Nítorí náà, mo tẹ Ilé Kìíní àti Ilé Kejì láago ní aago méjì òru kí n tó san kọ́bọ̀.

Ní Ilé Kìíní, mégádì ló gbé e. Mo bi í pé ta ló jí. Ó ní, "Duk suna barci." Gbogbo wọn ń sùn. Kò purọ́ fún mi, Ọlọ́run á bù kún un. Àgbàlagbà mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé yẹn, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń bá wọn sun.

Ní Ilé Kejì, aago dún títí ó fi pa. Mo tún pè. Obìnrin kan gbé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kí n jọ̀wọ́, òun ń yí Bàbá kan padà lórí ibùsùn, ẹnì kejì òun ló di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ yí, wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i, kí egbò má baà dá sí ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí yẹn sí. Ẹ tún fi imú ṣiṣẹ́, egbò ní òórùn tí lọ́fínńdà kì í bò.

Olùtọ́jú inú ilé ńkọ́? Ènìyàn kan náà tó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò lè ṣọ́nà mọ́jú. Ẹ̀yin lẹ máa jí, àbí kẹ́ ẹ gba ẹni méjì. Àwọn tó ń polówó "wákàtí 24" pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan ń ta oorun ọmọlọ́mọ fún yín ni.

Ìwé oògùn

Ìwé oògùn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí mo wà. Ní Ilé Kìíní, wọ́n fi fáìlì kan hàn mí, ó mọ́ tónítóní, àmì dáadáa ní gbogbo àyè, íńkì kan náà láti òkè délẹ̀. Mo fẹ́ yìn wọ́n. Mo wá rí i pé wọ́n ti fi àmì sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wo aago mi: aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo pa fáìlì dé, mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi.

Ti Ilé Kejì rí wúruwùru. Ọbẹ̀ ti ta sí ojú ewé kan. Níbì kan, ẹnì kan kọ ọ́ pé, "ó kọ̀ ọ́, ó tutọ́ ẹ̀ jáde," ó sì tún kọ wákàtí tí wọ́n gbìyànjú padà. Ìwé tí kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Ooru, iná, àti irin ojú fèrèsé

Lọ́dún 2017, lẹ́yìn ìjì Irma, ẹ̀rọ amúlétutù ilé arúgbó kan kú ní Florida. Ilé ìwòsàn wà ní òdìkejì títì gan-an. Síbẹ̀, àgbàlagbà 12 ló bá ooru náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pé kí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní jẹnẹrétọ̀ tó máa mú yàrá wà ní nǹkan bí 27°C fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ Àbújá lóṣù kẹta mọ̀ pé a kì í fojú rí 27 lọ́sàn-án. Ilé Kìíní ní jẹnẹrétọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé yàrá àwọn obìnrin ni wọ́n gbé e sí. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn, kì í jí ẹni tó ti sùn. Ilé Kejì lo ínfátà fún fáànù, wọ́n sì fi jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ìkángun ọgbà.

Mi ò ní parọ́ fún Ilé Kejì o. Àgádágodo wà lára irin ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Màmá tó ni ilé, ní yàrá tiwọn. Tí iná bá sọ ní kíṣìnnì, tí ọ̀nà iwájú dí, kí ni kí wọ́n ṣe? Ohun èlò panápaná wọn ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Kò sì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wheelchair lè gbà, àtẹ̀gùn mẹ́ta ni. Òfin àwọn aláìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2019 fún ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún irú ẹ̀ ṣe, ọdún 5 yẹn sì ti pé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lójú ara wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ ti wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ohun èlò panápaná tuntun ti dé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣì kù, pákó ni wọ́n tẹ́ sórí àtẹ̀gùn.

Ilé ìwẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ wá irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, kẹ́ ẹ sì da omi díẹ̀ sórí táìlì, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ fà á. Táìlì dígí Ilé Kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú, èmi tí ara mi le.

Owó

Owó tí wọ́n bá pè kọ́ lẹ máa san. Ẹ béèrè pámpáàsì àgbàlagbà, oògùn, fisió, àti ọkọ̀ tó bá di dandan kí wọ́n sáré lọ sílé ìwòsàn. Ilé Kìíní fẹ́ gba owó oṣù 3 lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìdápadà nínú àdéhùn wọn tí Ìyá bá kú tàbí tá a bá kó wọn kúrò. Owó olùtọ́jú inú ilé ló kéré jù lójú, àfìgbà tẹ́ ẹ bá fi ẹnì kejì kún un fún òru. Ó ti sún mọ́ owó ilé nìyẹn.

Èdè

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí olùyẹ̀wò kankan ní London tó máa bá wa béèrè rẹ̀. Àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ bá dà láàmú lè padà sí èdè tó gbọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Òòyì ń kọ́ mi." "Àyà ń já mi." "Ara mi ń ṣe gìrìgìrì." Tí ẹni tó wà nítòsí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn, kò sí láísẹ́ǹsì tó máa gbà wọ́n. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò síbi tó ní òṣìṣẹ́ òru tó gbọ́ Yorùbá. Hausa, Tiv, Gbagyi, Gẹ̀ẹ́sì, ó pọ̀.

Ilé Kejì la gbé wọn lọ. Mo kọ gbólóhùn mẹ́jọ sórí páálí, Yorùbá lápá kan, ìtumọ̀ rẹ̀ lápá kejì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibùsùn. Èyí tó wà lókè pátápátá ni "Mo fẹ́ yà sẹ́yìn". Nọ́ọ̀sì òru, ọmọ Gúúsù Kaduna, kọ́ ọ sórí láàárín ọjọ́ méjì. Nísinsìnyí, òun ló ń ṣáájú wọn béèrè, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ yà séyín?" Ohùn rẹ̀ kì í bọ́ síbi tó yẹ. Ẹ̀rín á pa ìyá mi, wọ́n á sì na ọwọ́ ọ̀tún sí i kó fà wọ́n dìde.