Fídíò All-22: Bí Mo Ṣe Tọrọ Àforíjì Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Bàbá tó jókòó sẹ́yìn mi ló fà á. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní pápá ilé-ìwé girama ọmọ mi níbí ní ìgbèríko Houston, ooru ṣì mú bí ẹni pé oòrùn ò tíì wọ̀. Cornerback ni ọmọ mi, àwọn ló máa ń ṣọ́ àwọn asáré tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Bọ́ọ̀lù kan fò kọjá lórí rẹ̀, ọmọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan hán an lẹ́yìn rẹ̀, ó di touchdown, ìyẹn ni pé wọ́n gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá wa, wọ́n gba ayò. Ni bàbá yìí bá pariwo pé ẹni tó wọ jẹ́sì yẹn ti sùn lọ. Mo dákẹ́. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí, mo mọ bí èèyàn ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ṣùgbọ́n inú mi ń hó bí ata tó wà lórí iná.

Nínú mọ́tò, mo bi í pé, "Ọkọ mi, kí ló dé tí o jẹ́ kó kọjá rẹ?"

Ó ní, "Mọ́mì, tèmi kọ́ nìyẹn. Cover 2 la wà."

N kò mọ̀ pé orúkọ ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá ni, mo ní kó yé ṣe àwáwí. A ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

Ó gbà mí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti owó díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé àwáwí kọ́. Ohun tí mo fi owó yẹn rà ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mo mọ̀ pé àwa ìyá Yorùbá tí ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti pọ̀ níbí, a kàn ń jókòó sórí àga irin yẹn, à ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́.

All-22 ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá ń wo eré lórí tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà máa ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù bí eṣinṣin ṣe ń lẹ̀ mọ́ elégbò. Bẹ́ẹ̀ pápá yẹn tóbi: yáàdì 100 láti líìnì góòlù kan sí èkejì, yáàdì 10 mìíràn lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbú rẹ̀ sì lé ní yáàdì 53. Àwọn tó dúró jìnnà sẹ́yìn, àwọn safety, kì í sábà sí nínú àwòrán. Ẹ máa rí bọ́ọ̀lù tó fò lọ, ẹ máa rí ẹni tó mú un, ẹ máa rí ẹni tó sún mọ́ ọn jù, òun náà lẹ ó sì dá lẹ́bi. Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n bí i.

Òkè téńté pápá ìṣeré ni kámẹ́rà All-22 wà. Gbogbo èèyàn 22 ló ń kó sójú kan, látìgbà tí wọ́n bá ti tò títí fèrè á fi dún. Kámẹ́rà kejì wà lẹ́yìn òpó góòlù, òun ló ń fi hàn yín bí quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ṣe ń rí ayé. Kò sí ohùn. Kò sí alálàyé, kò sí ìpolówó bíà. Àwọn kọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n máa ń fún tẹ́lẹ̀. Ọdún 2012 ni NFL, líìgì àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbowó, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí ará ìta máa sanwó wò ó. Láti 2022 tí wọ́n ti dá NFL+ sílẹ̀, ìkànnì fídíò wọn tí à ń sanwó fún, abẹ́ ètò Premium rẹ̀ ló wà fún àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà. Owó oṣù kan ò ju owó pízà ńlá kan lọ.

Eré tó ń gba wákàtí mẹ́ta lórí tẹlifíṣọ̀n, ìṣẹ́jú bíi 11 péré ni bọ́ọ̀lù fi ń rìn nínú rẹ̀. Dídúró, ìpàdé àti ìpolówó ló gba ìyókù, All-22 sì ti gé gbogbo rẹ̀ dànù. Mo máa ń wo ìdajì eré kan kí ẹ̀wà tó jinná. Èyí tí kò bá yé mi, tí mo ń dá padà, ìyẹn ló ń pẹ́. Mo ti lo ìdajì wákàtí rí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, tí bàbá ọmọ mi ń bi mí bóyá ìdánwò ni mo fẹ́ lọ ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ mi kọ́ mi ni pé, "Mọ́mì, ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ ka àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá." Ó rọrùn lẹ́nu. Ojú mi ò gbà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti mì, ojú mi ti bá a lọ. Níkẹyìn mo fa páálí kọnfíléèsì ya, mo fi bo ibi tí quarterback dúró sí lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi lò ó, ojú mi sì là.

Tó bá jẹ́ ẹnì kan ló dá dúró láàárín lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Cover 1 tàbí Cover 3. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, tí àárín wọn ṣófo, ẹ máa ronú Cover 2 tàbí Cover 4. Nọ́ńbà yẹn ń sọ iye èèyàn tó máa ṣọ́ ọ̀nà jíjìn. Cover 0 ni èyí tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, wọ́n ti kó èèyàn lọ lé quarterback, olúkúlùkù sì wà pẹ̀lú ẹni tirẹ̀. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú nínú wọn, kò ní olùrànlọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ man àti zone. Oríṣi ọdẹ méjì la ní ládùúgbò wa n'Íbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọ̀kan á máa tẹ̀lé ẹni tó bá fura sí láti òpópónà dé òpópónà. Èkejì ò jẹ́ kúrò ní oríta tirẹ̀, ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló máa dá dúró. Man ni ti àkọ́kọ́, zone ni ti èkejì. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó mì? Ẹ wò ó bóyá ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù máa rán ẹnì kan sáré láti ọ̀tún lọ sósì. Tí ọ̀tá kan bá sáré tẹ̀ lé e, ọdẹ àkọ́kọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá kàn nawọ́ síra wọn, tí wọ́n sún díẹ̀, ọdẹ oríta ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìgbà gbogbo, torí àwọn kọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé à ń wo ibẹ̀.

Nígbà tí mo ti mọ ìwọ̀nyí, mo ní kí ọmọ mi gbé eré ọjọ́ Jímọ̀ yẹn jáde. Hudl ni ilé-ìwé wọn ń gbé e sí, iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lincoln ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní 2006, tí àwọn ilé-ìwé girama káàkiri Amẹ́ríkà ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ló di kámẹ́rà mú, ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn 22 hàn. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwo dòdò wà láàárín wa.

Safety méjì. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Cover 2 lóòótọ́. Nínú Cover 2, ilẹ̀ tó súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá ni ti cornerback. Àwọn safety méjèèjì ló pín ọ̀nà jíjìn sí méjì dọ́gbadọ́gba. Mo rí ọmọ mi tó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn láyà, tó dí i lọ́nà, tó tì í sínú, ohun tí wọ́n kọ́ ọ náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà running back kan, ẹni tó sábà ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, yọ sí ilẹ̀ tirẹ̀, ó yíjú sí i, kò sí bí kò ṣe ní yíjú sí i. Ibi tí safety wà ni mo wá lọ wò. Tight end kan, òun náà máa ń gba bọ́ọ̀lù, ń sáré gba àárín bọ̀, safety yẹn gbé ẹsẹ̀ méjì péré lọ bá a. Ẹsẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí.

Mo ní, "Ọkọ mi, má bínú. Mo pè ọ́ ní aláwàáwí."

Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì," ó sì kó dòdò tó kù.

N kò lọ sọ fún bàbá yẹn o. Ìyá safety náà máa ń jókòó síwájú mi, obìnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń fún mi ní omi tútù. Tí mo bá sọ̀rọ̀ náà fún bàbá yẹn, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n máa pariwo lé lórí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó máa fi fídíò NFL kọ́ ọmọ girama: àmì tí wọ́n fi ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ò rí bákan náà. Ti NFL súnmọ́ra láàárín pápá, ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ààbọ̀ ló wà láàárín wọn. Ti girama pín ìbú pápá sí mẹ́ta ọgbọọgba. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń fẹ̀ gan-an fún ọmọ girama, èkejì á fún. Ohun tí cornerback NFL ṣe, tí ọmọ yín bá ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀, wọ́n á sáré kọjá rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ eré kan tí ẹ máa fi dán ojú yín wò, ẹ lọ wá èyí tí wọ́n fi parí Super Bowl, àṣekágbá NFL, ti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2015 ní Glendale, Arizona. New England ń fi 28 sí 24 borí, Seattle ku yáàdì 1 sí líìnì góòlù, ìṣẹ́jú-àáyá 26 ló kù. Russell Wilson, quarterback Seattle, ju bọ́ọ̀lù sí Ricardo Lockette, Malcolm Butler ti New England já lù ú, ó gbà á. Orúkọ Butler ni gbogbo ayé ń pè, ó sì tọ́ sí i: ẹgbẹ́ kankan ò yàn án nígbà tó jáde ilé-ìwé, eré kan náà yìí sì ti jẹ ẹ́ níyà rí nígbà ìdánrawò. Ṣùgbọ́n ẹ wo Brandon Browner, ẹlẹgbẹ́ Butler, tó wà níwájú. Iṣẹ́ Jermaine Kearse ti Seattle ni kó gba ojú ọ̀nà mọ́ Butler lọ́wọ́. Browner fi ọwọ́ kàn án láyà, Kearse ò lè kúrò lójú kan. Ọ̀nà là. Butler gba ibẹ̀ kọjá. Mo ti wo ọwọ́ Browner tó ìgbà ogún.

Ti ìgbádùn náà wà ńbẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2023, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé láàárín òpó góòlù fún Houston Texans farapa, Dare Ogunbowale, running back, ló bọ́ síta wá fi ẹsẹ̀ gbá a wọlé láti yáàdì 29. Wọ́n na Tampa Bay ní 39 sí 37. Ogunbowale lẹ́yìn jẹ́sì! N kò fẹ́ mọ Cover kankan níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé All-22 ò ní ohùn, ariwo ìlú Houston ò sí nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù kàn lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni ju ìwé. Fún irú èyí, tẹlifíṣọ̀n ló dáa.

Owó tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ ni ti ẹ̀kọ́ kan tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó gbọ́n. N kò ní dárúkọ ẹni tó ń tà á. Ó ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó sì da orúkọ bí ogójì sórí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo bi ọmọ mi ní ìdajì wọn, ó ní kọ́ọ̀ṣì àwọn ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò ṣe mọ́, wọ́n ṣì ń yọ owó lọ́wọ́ mi fún oṣù méjì, àfìgbà tí mo pààrọ̀ káàdì. Ọmọ yín ni kí ẹ fi ṣe olùkọ́. Ọ̀fẹ́ ni, á sì mú kó máa bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí kò tún fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé.

Ẹ má wò ó lórí fóònù. Láti òkè yẹn, èèyàn kéré bí èèrà, nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì ò hàn. Tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà ni. Kì í sì í jáde bí eré ṣe ń lọ, lẹ́yìn eré ni. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: fídíò ò lè sọ fún yín ohun tí kọ́ọ̀ṣì pàṣẹ. Ohun tí ẹsẹ̀ ṣe lẹ rí. Nígbà míì ẹ máa pè é ní Cover 4, kó jẹ́ pé Cover 2 ni, tí ẹnì kan ṣe àṣìṣe.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ, mo ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, mo tan án. Ọmọ mi ti gbé báàgì kọ́rùn, ó ń lọ sí ilé-ìwé, ló bá dúró lẹ́yìn mi.

"Mọ́mì, safety mélòó?"

"Méjì. Cover 2." Mo sọ ọ́ bí ọ̀gá.

"Ẹ jẹ́ kó lọ."

Bọ́ọ̀lù mì. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì já wálẹ̀ bí àṣá, èkejì rọra sún sí àárín, ó dá dúró níbẹ̀. Cover 3.

Ó ní, "Wọ́n ti tàn yín," ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbé rìmóòtù, mo dá a padà.