Rọ́bà agbomi abẹ́ dẹ́ẹ̀kì: ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ téèpù ló wà

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń gba omi òjò lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì tó ga, ìyẹn pèpéle onípákó tí wọ́n kọ́ mọ́ ara ilé. Àwọn kan ń fi síkúrúù de pátákó oníke mọ́ abẹ́ igi ìdábùú tó gbé pákó dẹ́ẹ̀kì. Àwọn mìíràn ń tẹ́ rọ́bà gba orí igi náà kí wọ́n tó kan pákó. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ ni mo lò, mo sì fara mọ́ ọn. Ti ìsàlẹ̀ yá láti ṣe bí pákó bá ti wà lórí igi, àmọ́ gbogbo òjò ló ṣì ń rin igi ìdábùú, igi tí kò bá sì ráyè gbẹ, jíjẹrà ló kù.

Ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo igi. Ínǹṣì 12, 16 tàbí 24, láti àárín igi kan dé àárín ìkejì, ni wọ́n sábà máa ń gé rọ́bà náà fún. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ bí ikùn sáàárín igi méjì, kó máa jìn sí i bó ṣe ń lọ síbi gọ́tà. Fún igi ẹsẹ̀ bàtà 12, mo jẹ́ kó jìn ní ínǹṣì 1 lápá ògiri, 4 lápá gọ́tà. Ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi fa ìlà náà. Ojú lásán máa ń tanni. Orí igi nìkan ni sitépù, ìṣó kékeré ẹlẹ́nu méjì tó ń mú rọ́bà mọ́ igi, gbọ́dọ̀ wà.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni téèpù. Téèpù butyl (irú rọ́bà kan tó ń lẹ̀ gan-an) fífẹ̀ ínǹṣì 4 ni kí ẹ lò, kó bo ibi tí rọ́bà méjì ti gun ara wọn lórí igi, nítorí òun ló ń dì mọ́ ọrùn síkúrúù pákó. Téèpù ọ̀dà, irú ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, kò bá oníke púpọ̀ rẹ́. Bí eruku tàbí omi bá wà lórí igi, butyl kò ní lẹ̀. Síkúrúù tó bá sì tàsé igi ti lu ikùn rọ́bà nìyẹn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, páànù tó ń darí omi kúrò lára ilé ni kó wà lókè, kí etí rẹ̀ rọ̀ sínú rọ́bà. Bí ó bá yí padà, ẹ̀yìn rọ́bà lomi ń gbà, igi tó so dẹ́ẹ̀kì mọ́ ilé ló sì ń jẹ.

Ẹ fi họ́ọ̀sì da omi sínú ikùn kọ̀ọ̀kan kí pákó tó wọlé. Àléébù tó ń bí mi nínú ni ewé: ó ń ba àlàfo pákó wọlé, ó ń dí ojú páìpù tí omi ń gbà jáde, ọwọ́ kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ má fi àlẹ̀mọ́ mú pákó tó wà lókè ojú páìpù; síkúrúù lásán tó, kí ẹ lè tú u.